Ọ̀yàyà Nínú Aṣọ Ọ̀fọ̀

                                        Ilé Kẹsàn-án, D Close,
                                        22 Road, Festac Town,
                                        Lagos.
                                        14 Oṣù Kọkànlá, 1978.

Àpèkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Òkè-Àdó? Bàbá Owólabí ńkọ́, ṣé wọ́n ti ti Kàdúná dé? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti rọ̀ wọ́n díẹ̀? Mo gbọ́ pé Owólabí yege nínú ìdánwò ìwọlé. Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó ṣe é parí. Ní tèmi, ara le. Omi ti ń gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ̀fọn Festac sì ń bẹ̀ wá wò ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni pé ìbátan ni wá.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ pé kí ló dé tí Adébùnmí kò fi fèsì ìwé mẹ́ta tí o kọ sí i, pé àbí ó ń bínú sí ọ ni. Kò bínú sí ọ. Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi náà, n kò sì ní fi ibi tó ti kàn mí pamọ́ fún ọ.

Nígbà tí o wá síbi ìsìnkú Fọláránmi ọkọ rẹ̀ nínú oṣù kejì, o rí i nínú aṣọ dúdú, ṣùgbọ́n o ti padà sí Ìbàdàn kí àwọn ẹbí ọkọ tó jókòó ka òfin fún un. Àǹtí Rosaline, ẹ̀gbọ́n Fọláránmi tí wọ́n ń gbé ní Satellite Town, ni wọ́n kà á. Ọdún kan gbáko ni opó. Aṣọ dúdú, gèlè dúdú, bàtà pẹlẹbẹ. Kò gbọdọ̀ kí ènìyàn láti òdì kejì títì. Kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín kí eyín hàn. Bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni kó máa wò. Àǹtí Rosaline ni olórí ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀, ilé bàbá àwọn yàtọ̀.

Adébùnmí ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún o! Ìwọ náà rántí ẹni tí à ń wí. Ẹni tí Mísìsì máa ń lé jáde kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bó bá ti fi ẹsẹ̀ kan wọlé, kíláàsì ti dàrú. Ẹni tó sín bíṣọ́ọ̀bù jẹ títí tí gbogbo ilé ìsùn fi ń rìn bíi bíṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀ ó gba òfin náà. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó sì gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n ní kí òun ṣe.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba kan lójú ọ̀nà Badagry, kó máa gba àlejò, kó máa dáhùn tẹlifóònù. Ọ̀gá tuntun kan dé síbẹ̀ ní oṣù karùn-ún, Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, tó máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò bó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ní ìparí oṣù keje, ó kọ ìwé ìròyìn ọdọọdún lórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lórí ti Adébùnmí, ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, pé kì í pẹ́ dé, pé ó ṣeé fọkàn tán. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pé kò ní “vivacity”, àti pé kò sí bí ẹni tí kò ní in ṣe lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó fún un ní oṣù mẹ́ta. Bí kò bá yí padà títí di Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, kó máa lọ sílé.

Mo bi í pé ṣé kò sọ fún ọ̀gá náà pé opó ni òun. Ó ní òun sọ. Ó ní èsì tó fún òun ni pé, “Màdámù, èmi kọ́ ni mo pa á. Àwọn àlejò mi kò wá kí yín kú aráfẹ́rakù.”

Kí o lè mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀, jẹ́ kí n là á yé ọ. Ilé tí wọ́n ń gbé ní ìkángun Close wa níbí, ìbò tí ìjọba fi pín ilé ni Fọláránmi fi mú un, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí ìwé. Àwọn tó ń bójú tó ilé sọ fún Adébùnmí pé àwọn yóò yí i sí orúkọ tirẹ̀ bó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ìparí ọdún. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ilé bọ́. Bí ilé bá bọ́, ẹbí ọkọ ni yóò kó Beatrice àti àbúrò rẹ̀ lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún opó tí kò nílé. Ó mọ èyí, àwọn náà mọ̀ ọ́n.

Ó mú fọ́ọ̀mù náà wá bá mi ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Inú Bíbélì ló ká a sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó sì fi ìka lé ọ̀rọ̀ náà.

“Bernice, ìwọ lo kàwé jù nínú wa. Kí ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ mi?”

Àpèkẹ́, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ nílùú òyìnbó, òun náà ni mo sì ń fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba títí di òní: kí n gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kalẹ̀, kí n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó jọ ọ́, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mú un lò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní kì í ṣe agbára, nítorí alágbàṣe tó ń ru sìmẹ́ǹtì ní agbára, ojú rẹ̀ sì lè dàbí ògiri. Mo ní kì í ṣe ìyára, ẹni tí ajá ń lé náà ń yára. Mo ní kì í ṣe ariwo rárá. Mo ní èyí tó súnmọ́ ọn jù nínú èdè wa ni ọ̀yàyà, ṣùgbọ́n ọ̀yàyà ń wo àlejò, ó ń fi ojú rere gbà á. Èyí ń béèrè pé kí ẹ̀mí ènìyàn máa hàn lójú rẹ̀ àti lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó fẹ́ hó, yálà àlejò wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Mo fi ọmọdébìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀, tó sì ń fò sókè bó ti ń lọ lójú ọ̀nà láìsí ẹni tó ń wò ó.

“Ó gbọ́dọ̀ ti inú wá,” ni mo sọ. “Bí kò bá ti inú wá, orúkọ mìíràn ni à ń pè é.”

Ó wá ní, “Inú tèmi ńkọ́? Ibo ni n ó ti bù ú?”

Ó yẹ kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ padà lọ́wọ́ òfo. Mo sọ fún un pé bí inú kò bá tíì ní in, kí a kọ́kọ́ kọ́ ara bí yóò ṣe máa ṣe é. Sátidé mẹ́rin ni a fi kọ́ ọ. Mo máa ń jáde síta, n ó kan ilẹ̀kùn, n ó sì wọlé bí àlejò. Mo kọ́ ọ pé kó gbé ojú sókè kí àlejò tó dé ìdí tábìlì, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé. Mo kọ́ ọ pé kó mí sínú kó tó gbé tẹlifóònù, kí ohùn rẹ̀ má baà bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Mo kọ́ ọ pé kó béèrè orúkọ àlejò, kó sì pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹni náà tó lọ. Ó mú gbogbo rẹ̀ kíákíá. Ní Sátidé kẹta, mo wọlé bíi bíṣọ́ọ̀bù wa àtijọ́, ikùn síwájú, ọwọ́ sẹ́yìn. Adébùnmí bú sẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti oṣù kejì. Kò tíì rín in dé ìdajì tó fi gèlè bo ẹnu, tó sì sáré lọ wo ojú fèrèsé.

“Ṣé ẹnikẹ́ni gbọ́?” ni ó béèrè lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa dé àárín, àwọn àlejò ọ́fíìsì náà ti ń béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò bá sí níjòókòó. Inú Adébánjí dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú ẹni yẹn kò sàn ju ìbínú rẹ̀ lọ. Ó pe àwọn akọ̀wé jọ lọ́jọ́ kan, ó nàka sí i: “Ẹ wá wò ó! Mo ti jí òkú dìde. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin dà?” Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí àlejò lójú ọ̀nà, yóò fi pẹ́ńsù lu tábìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò ní, “Ó ń bọ̀ o, Màdámù. Ẹ tan iná.” Adébùnmí yóò sì tan án. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun máa ń ro òun ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, yóò dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ omi, yóò sọ ojú kalẹ̀, yóò sì rọ ọrùn, kó tó wọ inú Close.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, Àǹtí Rosaline lọ sí ọ́fíìsì yẹn nítorí ìwé ọkọ̀ epo ọkọ wọn. Wọ́n mọ̀ pé ìyàwó àbúrò wọn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò débẹ̀ rí. Oòrùn wà lẹ́yìn wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, Adébùnmí kò sì rí ju òjìji lọ. Ó ṣe é gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.

“Ẹ káàbọ̀ o, Màámi! Ẹ mà kú oòrùn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbi afẹ́fẹ́ yìí. Kí lorúkọ ìyá mi, kí n bá wọn pe ọ̀gá?”

Àǹtí Rosaline fa àga mọ́ra. Wọ́n jókòó. Nígbà tí Adébùnmí dá wọn mọ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, ojú rẹ̀ sì padà sílẹ̀.

“Dìde, ìyàwó,” ni wọ́n wí. “Máa ṣiṣẹ́ rẹ. N kò kánjú.”

Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀. Àlejò ń wọlé, Adébánjí sì ń fi pẹ́ńsù lu tábìlì. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bó bá sọ ojú kalẹ̀, ọ̀gá ń wò ó; bó bá gbé e sókè, ẹ̀gbọ́n ọkọ ń wò ó. Ó kí àlejò mẹ́tàlá. Mo mọ iye wọn nítorí Àǹtí Rosaline kà wọ́n. Nígbà tí wọ́n dìde, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́: “O ṣeun, ìyàwó. Mo ti rí bí o ṣe ń ṣọ̀fọ̀ àbúrò mi.”

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ẹbí ọkọ kún pálọ̀ Adébùnmí. Ó bẹ̀ mí pé kí n wá, pé èmi ni mo lè ṣàlàyé rẹ̀ kó yé wọn. Adésànyà, ọbàkan Fọláránmi tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyàwó wa, bí ọkọ tuntun bá ti dé, kí wọ́n má fi wá ṣe àjèjì o. A ó bá yín gbé àga.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àǹtí Rosaline kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ oṣù mẹ́ta ni Fọláránmi nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀yìn mi ni mo fi tọ́ ọ. Títí di òní, bí mo bá bu oúnjẹ sẹ́nu, n kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó sùn tì í fún ọdún mọ́kànlá ló sì ń ṣe ‘ẹ káàbọ̀ o’ bí ọmọge ọjọ́ ìgbéyàwó.” Omi bọ́ lójú wọn, n kò sì rò pé wọ́n ń fi ṣe eré.

Mo dìde. Mo yọ fọ́ọ̀mù náà, mo kà á fún wọn, mo sì túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́. Mo sọ bí iṣẹ́ ṣe so mọ́ ilé, bí ilé ṣe so mọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ń gbọ́, mo sì rò pé ó ti ń yé wọn. Àǹtí Rosaline fi etí aṣọ nu ojú.

“Dókítà, ẹ ṣeun,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, àwa ò mọ̀ ọ́n tó yín. Ẹ bá mi là á sí méjì. Nǹkan tí wọ́n kọ yìí, ṣé ojú ló ń gbé ni, àbí inú?”

Ọ̀rọ̀ kan péré ni, Àpèkẹ́. Kí n ní “ojú”, kí n jókòó. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má fi ìtumọ̀ tó rọrùn rọ́pò ìtumọ̀ tó tọ́. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè nípa ọ̀rọ̀, mo sì dá wọn lóhùn nípa ọ̀rọ̀.

“Inú ni, mà,” ni mo wí. “Láti inú ló ti ń wá.”

Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Àǹtí Rosaline yíjú sí àwọn tó kù. “Ẹ ti gbọ́. Ẹlẹ́rìí tirẹ̀ ló sọ ọ́. Inú rẹ̀ ló ń dùn.”

Mo ní rárá, mo ní ti Adébùnmí kò ti inú wá, mo ní ẹ̀kọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Adésànyà lu ọwọ́ mọ́ itan. “Háà, Dókítà! Ilé-ìwé wo ni wọ́n ti ń kọ́ opó lẹ́rìn-ín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe rẹ̀ fún wa.” Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ẹni tó tún gbọ́ mi.

Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí Satellite Town ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Adébùnmí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun títí di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù, kí wọ́n lè fọwọ́ sí ìwé òun, kí ilé má baà bọ́. Àǹtí Rosaline ní kò burú. Wọ́n ní, “Máa rẹ́rìn-ín lọ. Bó bá parí, kí o wá.” Fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, kò fojú kan ọmọ rẹ̀, ó sì ń tan iná fún Adébánjí lójoojúmọ́. Mo lọ wò ó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kì í bá ṣe pé mo mọ̀, n bá ní inú obìnrin yìí dùn. N kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe é tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, Adébánjí kọ ìwé tuntun. Ó kọ ọ́ pé “vivacity” ti kún ara rẹ̀ àkúnwọ́sílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án, pé ẹnu ọ̀nà àwọn ń dùn nítorí rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ títí lọ. Wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjọba lé e. Adébùnmí gbà á, ó wọ bọ́ọ̀sì tààrà lọ sí Satellite Town láti lọ mú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rò pé bí wọ́n bá rí i pé iṣẹ́ dúró, ilé dúró, ọkàn wọn yóò rọ̀.

Àǹtí Rosaline gba ìwé náà, wọ́n fi lé Adésànyà lọ́wọ́, wọ́n ní kó túmọ̀ rẹ̀ sókè fún gbogbo ilé bí Dókítà ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti lu òǹtẹ̀ sí i pé nígbà tí ọkọ rẹ̀ pé oṣù méje nínú ilẹ̀, inú rẹ̀ kún fún ìyè. Àwọn ìyàwó ilé patẹ́wọ́ ní ìyanu. Wọ́n fún un ní ọ̀nà méjì. Kó padà sí Festac lóun nìkan, kó gbàgbé pé òun bímọ fún wọn. Tàbí kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó wá bẹ̀rẹ̀ opó láti ìbẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú wọn, ọdún kan láti ọjọ́ náà. Beatrice ń sunkún nínú yàrá kejì, ó sì ń gbọ́ ọ. Kò padà wá sí Festac.

Adésànyà, tí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ti kó ẹrù wọ ilé náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò ní sọ pé ilé ni wọ́n ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò ní ẹ̀rí. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ.

Mo lọ sí Satellite Town lánàá. Wọ́n ti fá orí rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà, Àǹtí Rosaline sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀bi mi ni, pé ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n rò, pé bí wọ́n bá fún mi láyè díẹ̀ n ó là á yé wọn. Adébùnmí kò gbé ojú sókè. Ó sọ̀rọ̀ sí inú ẹ̀wà, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń mí lọ.

“Bernice, jọ̀ọ́. Má ṣàlàyé mọ́.”

Mo dìde, mo sì wá sílé.

Bá mi kí Bàbá Owólabí àti ìyá ọkọ rẹ. Kí Owólabí fún mi, sọ fún un pé ìwé tí mo ṣèlérí ń bọ̀. Má wá sí Èkó nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò ní jẹ́ kí o rí i. Bí o bá fẹ́ kọ̀wé sí i, lo àdírẹ́sì Àǹtí Rosaline tí n ó kọ sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà á kó tó kàn án. Kọ ọ́ ní Yorùbá, kó kúrú, kí o kí i kú ọ̀fọ̀. Má fi àwàdà kankan sí i.

                                        Tìrẹ ni mo jẹ́, bí o bá ṣì ń fẹ́ mi,
                                        Bernice.